Olùyẹ̀wò ní 93, èrò ọjà ní òdo: ta ló gbá apá kejì The Last of Us parí nínú wọn?

Padi_Kabba (Jímọ̀, 11:40 alẹ́)

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, mo kí yín níkọ̀ọ̀kan.

Ẹni tí kò tíì gbá géèmù yìí tó sì ń gbèrò àtigbá a, kó yáa kọjá lọ o. N kò ní fi ohunkóhun bò nínú ìtàn rẹ̀.

Ìdájí òní ni mo parí apá kejì The Last of Us. Mo mọ̀ pé mo pẹ́ lẹ́yìn. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2020 ló jáde lórí PS4, wọ́n ti tún un ṣe fún PS5 ní 2024, ó ti dé orí kọ̀ǹpútà ní 2025, fíìmù HBO náà ti dé ibẹ̀, èmi àti PS4 tòkunbọ̀ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nu ojú. Nǹkan bíi wákàtí 25 ni géèmù náà ń gbà, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbá a.

Fún ẹni tí kò mọ orí ìtàn náà: ní apá kìíní, tó jáde ní 2013, àrùn kan tó wá láti ara olú wọ ọpọlọ ọmọ aráyé, ayé bàjẹ́. Joel, bàbá kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú sí i lọ́wọ́, ni wọ́n ní kó mú Ellie, ọmọ ọdún 14 tí àrùn náà kò lè pa, gba Amẹ́ríkà kọjá lọ bá àwọn tó fẹ́ fi ara rẹ̀ wá oògùn. Wọ́n débẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ náà á pa ọmọ. Joel yìnbọn pa gbogbo ẹni tó dí i lọ́nà, dókítà wà nínú wọn, ó gbé ọmọ sá lọ, ó sì purọ́ fún un pé wọ́n ti jáwọ́ nínú oògùn náà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un.

Apá kejì bẹ̀rẹ̀, kò pẹ́, ọmọbìnrin alápá ńlá kan tó ń jẹ́ Abby wá fi igi gọ́ọ̀fù lu Joel pa lójú Ellie. Ellie di ẹrù, ó di Seattle, ó ní òun yóò gbẹ̀san. Ìwọ náà á máa bá a pa wọ́n lọ ràì. Ó ku díẹ̀ kí ẹ̀san bọ́ sí i lọ́wọ́, géèmù gba Ellie kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó dá ọjọ́ mẹ́ta padà sẹ́yìn, ó gbé Abby lé ọ lọ́wọ́, ó ní ó yá, máa bá a lọ. Ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé dókítà tí Joel pa, bàbá Abby ni.

Ìbéèrè mi rèé. Lórí Metacritic, ìkànnì tó ń kó máàkì géèmù jọ, máàkì àwọn olùyẹ̀wò jẹ́ 93 nínú 100. Ti èrò ọjà, ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kò pé 4 nínú 10, òdo ń rọ̀ níbẹ̀ bí òjò. Ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ lá, ẹnìkan ní kò sí irú rẹ̀, ẹnìkan ní májèlé ni. Ta ni ká gbàgbọ́? Mo ní èrò tèmi, àmọ́ ẹ jẹ́ n gbọ́ tiyín ná.

Awada_Ekinrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! O ò gbá géèmù, o gbé e níyàwó ni.

Oga_Obajana

Àbúrò, ọkàn mi ti balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, o tún wá hú u jáde.

Ọ̀sẹ̀ tí géèmù yẹn jáde ni mo rà á. 23,000 náírà, nígbà tí 23,000 ṣì ń jẹ́ owó. Mo ti gbá apá kìíní lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Joel ti di ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n pa á, mo mú un mọ́ra, mo ní ó dáa, a máa gbẹ̀san. Ìgbà tí wọ́n wá gbé Abby lé mi lọ́wọ́, mo pa ẹ̀rọ. Ọjọ́ kejì, mo tà á ní 9,000 fún ọmọkùnrin kan ní Lọ́kọ́ja, n kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ẹ má fi olùyẹ̀wò dẹ́rù bà mí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba géèmù. Èmi tí mo yọ owó lápò ni mo lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo. Ẹ sì rántí pé irọ́ ni wọ́n fi tà á: nínú fídíò ìpolówó, Joel ló yọ sí Ellie láti ẹ̀yìn, tó ní òun kò ní jẹ́ kó dá ọ̀rọ̀ náà gbé. A dé inú géèmù, Jesse, ọ̀rẹ́ Ellie, ló wà níbẹ̀, Joel ti wọ ilẹ̀ tipẹ́. Bí alápatà bá fi ẹran màlúù hàn ọ́, tó wá di ẹran míì sínú ọ̀rá fún ọ, ṣé o ò ní pariwo?

Padi_Kabba

Ẹ̀gbọ́n, ti fídíò yẹn, ẹ̀yin lẹ jàre. Àmọ́ ẹ ò gbá ìdajì rẹ̀. Máàkì wo lẹ fún un?

Oga_Obajana

Òdo. Mo fún un ní òdo gan-an, mo sì lọ kọ ọ́ sórí Metacritic pẹ̀lú dátà ara mi.

Awada_Ekinrin

Ọlọ́pàá, ẹ wá o! A ti rí ọ̀kan nínú wọn mú.

Noosi_Isanlu

Okun o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo wà, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi ń lé oorun.

Ẹ̀gbọ́n Obajana, ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ dáadáa, torí inú ọjọ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Ìparí oṣù kẹrin 2020, kí géèmù náà tó jáde, àṣírí rẹ̀ tú sórí ayélujára: ikú Joel, Abby, gbogbo rẹ̀. Àsìkò kòrónà ni, gbogbo ayé jókòó sílé, inú kálukú ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti bínú tán kí díìsìkì tó tẹ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Sony ní kí àwọn olùyẹ̀wò sọ ti ẹnu wọn, àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ dí wọn lẹ́nu: wọn kò gbọdọ̀ tú ohun tó wà ní ìdajì kejì. Bẹ́ẹ̀ ìdajì kejì yẹn ni Abby! Olùyẹ̀wò wá ń yin oúnjẹ tí wọn ò jẹ́ kó dárúkọ. Èrò ọjà ní tiwọn ti mọ ohun tó wà nínú ìkòkò láti oṣù kẹrin, wọ́n ń wo olùyẹ̀wò bí ẹni tó ń bo nǹkan. Wọ́n sì ń bò ó lóòótọ́! Àṣẹ ni wọ́n ń tẹ̀lé ni.

Èmi kò rò pé ẹnikẹ́ni purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹnu tí wọ́n dí ló dá a sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 fúnra rẹ̀, wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọjà, òdo ti kún ilẹ̀. Géèmù wákàtí 25! Nígbà tó yá, ẹni tó ju 100,000 lọ ti fún un ní máàkì níbẹ̀. Metacritic náà rí i pé kò bójú mu. Nígbà tó di oṣù keje, wọ́n ṣòfin pé ó di wákàtí 36 lẹ́yìn tí géèmù bá jáde kí èrò ọjà tó lè sọ̀rọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Ọ̀pọ̀ òdo yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Joel rárá. Apá Abby ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ní obìnrin kì í ní irú apá bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sí ìnáwó kan ní Yàgbà, kí ẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń gún iyán fún igba àlejò, kí ẹ wo apá àwọn obìnrin tó di ọmọ odó mú. Ọmọbìnrin tó ń gbé nínú àgọ́ ológun, tó ń jẹun kánú, tó ń gbé irin lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin torí pé ó fẹ́ pa ẹnìkan, irú apá wo lẹ fẹ́ kó ní? Laura Bailey tó sọ̀rọ̀ fún Abby, àwọn kan ń kọ̀wé sí i pé àwọn máa pa á. Nítorí ẹni tí kò sí láyé.

Oga_Obajana

Nọ́ọ̀sì, èmi ò kọ̀wé ikú sí ẹnikẹ́ni o. Òdo nìkan ni mo kọ.

Ile_Geemu_Iyara

Ẹ kú àríyànjiyàn. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo ń fi géèmù jẹun sọ ti ọjà.

Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ni mo ní ní ṣọ́ọ̀bù, jẹnẹrétọ̀ kan. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá. Iye báyìí fún ìdíje kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde, ẹlòmíràn á jókòó, owó ń wọlé. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ta géèmù ìtàn níbẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sídìí ìtàn kò ní dìde.

Ní 2021 mo dán an wò. Ọmọ kan san wákàtí kan, ó bẹ̀rẹ̀ apá kejì yìí. Kí n tó yíjú, bọ́ọ̀lù ti dáwọ́ dúró lórí tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta yòókù, àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún dúró lẹ́yìn ẹnì kan bí ẹni ń wo eégún. Ẹnì kan ṣoṣo ló sanwó. Nígbà tí Abby gbé igi gọ́ọ̀fù yẹn sókè, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan lò ń gbọ́. Ẹ̀yìn náà ni ariwo wá bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan wá bá mi pé kí n dá owó òun padà. Òun kọ́ ló ń gbá a. Kò san kọ́bọ̀.

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣílẹ̀kùn, mẹ́fà nínú wọn ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí ni Ellie wá ṣe. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ̀, ọmọ tó ń gbá a ti padà sí Ilọrin.

Omo_Ode_Bunu

Ajá ni tèmi.

Ọdẹ ni bàbá mi. Mo ti pa èèyàn tí n kò lè kà ní Seattle láti ọwọ́ Ellie. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ẹnì kejì á pe orúkọ rẹ̀, ìyẹn ń gún mi díẹ̀, mo ń fara dà á. A wá dé ilé ẹja yẹn, ajá kan fò mọ́ Ellie, géèmù ní kí n tẹ bọ́tìnnì, mo tẹ̀ ẹ́, ajá kú. Ó parí. Wọ́n gbé Abby fún mi, wọ́n dá ọjọ́ padà, mo tún dé ilé ẹja kan náà, ajá kan náà wá ń ju ìrù sí mi. Alice ló ń jẹ́. Géèmù ní kí n máa ju nǹkan ìṣeré fún un kó máa sáré lọ mú un wá. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo dìde, mo lọ jókòó síta lórí àpáta.

Àwọn kan nínú olùyẹ̀wò ní ibi tí géèmù náà ti kùnà nìyẹn, pé wọ́n fi dandan tẹ bọ́tìnnì mọ́ ọ lọ́wọ́ tán, wọ́n wá ń dá ọ lẹ́bi. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, èmi ni màá kú, màá sì tún padà síbẹ̀. Níbo ni ẹ̀bi mi wà? Mo gbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn, n kò lè wo ojú ajá bàbá mi.

Tisa_Mopa

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi kò mọ pádì í dì mú. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé nígbà ìsinmi, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló sì wà. Mo fẹ́ wo ìròyìn. N kò rí ìròyìn wò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ohun tí mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ kiri nípa géèmù yìí ni pé ó kọ́ni pé ẹ̀san kò dára. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan, kò yẹ kó gba wákàtí 25. Àlọ́ ìjàpá kan á sọ ọ́ tán kí ẹ̀kọ tó jinná.

Nílé wa, bí ọmọdé bá ń ké lóru, ìyá bàbá mi á ní, "Tápà ń bọ̀." Kò sí Tápà tó ń bọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Royal Niger Company ti lé ọmọ ogun Bida kúrò ní Kabba ní 1897, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í ka kàlẹ́ńdà. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n sọ fún mi, ẹṣin Tápà á dé, wọ́n á kó èèyàn lẹ́rú, àwọn tiwa á sá gun òkè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Tápà kan tó lórúkọ nínú ìtàn náà. Kò ní ìyá. Kò rẹ̀ ẹ́. Mo kọ́ ọmọ ní ìtàn fún ọdún 31, èmi náà kò fún un lórúkọ.

Ọmọ mi jẹ́ kí n mọ̀ pé ní apá kìíní, dókítà yẹn kò lórúkọ. Ó dúró níwájú Ellie pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́, Joel pa á, ó kọjá. Ọdún méje lẹ́yìn náà, wọ́n mú òkú tí kò lórúkọ yẹn, wọ́n fún un ní ọmọ. Ohun tó mú mi jókòó nìyẹn. Mo wo ojú ọmọ mi nígbà tó yé e. Ó ní, "Dádì, èmi ni mo pa bàbá rẹ̀."

Oga_Obajana

Tíṣà, ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, àmọ́ ẹ jẹ́ n fọwọ́ sọ̀yà kí n ta kò yín.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n kó lẹ́rú, ṣé ẹ máa ní kí wọ́n lọ jókòó gbọ́ tẹnu ẹni tó kó wọn? Ẹni tí wọ́n pa èèyàn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti má fẹ́ gbọ́. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Joel kò tíì tutù nínú sàréè, wọ́n ní kí n máa gbọ́ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó lù ú pa, kí n tún máa bá a wá oúnjẹ, kí n máa bá a tún ìbọn ṣe. Ká ní wọ́n gbé Abby fún mi ṣáájú, kí n mọ̀ ọ́n, kí ó tó pa á, bóyá màá gbọ́.

Tisa_Mopa

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́, n kò jiyàn. Ti pé ká ti gbé e fún yín ṣáájú, mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Ká ní ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣáájú, ẹ kò bá má kórìíra rẹ̀ tó báyìí, ohun tó fẹ́ ṣe kò sì ní ṣeé ṣe.

Poli_Bida

Tíṣà ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.

Federal Polytechnic Bida ni mo lọ, ọmọ Ìjùmú ni mí. Ọmọ Tápà ni wọ́n fi sí yàrá mi. Ọ̀sẹ̀ kìíní, n kò sùn dáadáa, tí mo bá ń parọ́ kí Ọlọ́run bi mí. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà wà lọ́kàn mi, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo kà. Ó máa ń sè ẹja tó dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní ìyá àgbà òun náà ní ìtàn 1897 tirẹ̀: ọjọ́ tí àgbá òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í dún sí Bida, tí kálukú ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Mo dákẹ́. Ogun kan náà! Ti àwa, òmìnira. Ti wọn, ọjọ́ tí ayé parí. Ó bi mí pé kí ni mo ń wò, mo ní kó bu ẹja sí i.

N kò sọ pé ẹ̀bi dọ́gba o. Ẹni tó kó lẹ́rú àti ẹni tí wọ́n kó, kò dọ́gba. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rántí nígbà tí mo ń gbá Abby.

Padi_Kabba

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Àkọ́kọ́, 93 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ẹnu pọ̀, wọ́n pín in. Ìkànnì IGN fún un ní 10. GameSpot fún un ní 8. Polygon kì í fún ni ní máàkì, ẹni tó kọ tiwọn kò sì gbádùn rẹ̀, ó ní ọmọ èèyàn sàn ju bí géèmù náà ṣe rí wa lọ. Èèyàn á ka orí ìwé 93, á rò pé gbogbo wọn ń jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni òdo kì í ṣe ohùn gbogbo èrò ọjà. Mílíọ̀nù 4 ló tà ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní 2021, nígbà tí BAFTA, àwọn tó ń fún ni lẹ́bùn ní ìlú òyìnbó, fún géèmù míì, Hades, ní ẹ̀bùn géèmù tó dára jù lọ, ẹ̀bùn kan wà tó jẹ́ pé èrò ọjà ló ń dìbò sí i. Ẹ gbọ́ ẹni tó gbà á? Apá kejì yìí kan náà.

Èkejì, ẹ̀gbọ́n Obajana, ẹ ò rí ilé tíátà yẹn. Wọ́n fi èmi, Abby, sí inú òkùnkùn kan náà pẹ̀lú Ellie, wọ́n ní kí n lù ú. Ellie tí mo gbé lẹ́yìn láti ọmọ ọdún 14. Mo gbé pádì sílẹ̀. Ellie pa mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún gbé e sílẹ̀. Ó tún pa mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta, iná lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníná fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Olùyẹ̀wò tó kọ̀wé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo rò pé ohun tó sú u kò sú mi, torí ó ní láti sáré parí. Èmi ń gbá wákàtí kan, mo ń rò ó fún ọjọ́ méjì nínú òkùnkùn. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mọ́ mi. Ó gùn jù, kò sí ẹni tó lè sọ pé kò gùn jù.

Enjinia_Egbe

Ohun kan tí kò sí ẹni tó dárúkọ nínú yín. Àbúrò mi kò ríran dáadáa láti kékeré. Kò sí géèmù tó gbá rí ju èyí tí màá máa pariwo sí i létí pé "yà sọ́tùn-ún". Géèmù yìí ní ètò tó lé ní 60 fún ẹni tí ojú, etí tàbí ọwọ́ ń dà láàmú. Ó ń ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n sókè. Ó ń sọ ilẹ̀ di eérú, ọ̀tá di pupa, ẹni tiwa di búlúù. Àbúrò mi gbá a parí fúnra rẹ̀. Nínú ẹ̀bùn 7 tó gbà ní The Game Awards ọdún 2020, ọ̀kan wà fún èyí.

Bí ẹ bá bi í léèrè nípa Joel àti Abby, kò dá a lóhùn. Ó ní òun pa ọ̀tá 14 láìsí pé ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀.

Oga_Obajana

Èyí dára, n kò mọ̀. Ẹ tún rántí o, ìkànnì ìròyìn Kotaku ti ròyìn ní oṣù kẹta 2020 bí wọ́n ṣe fi iṣẹ́ àṣemọ́jú gbo àwọn tó ṣe é, kí wọ́n tó sún ọjọ́ tó máa jáde síwájú. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ òru mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún ara. Ẹ má gbàgbé wọn tí ẹ bá ń ka ẹ̀bùn.

Padi_Kabba

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ yá yín. Díìsìkì mi ò ń ṣe nǹkan kan báyìí. Màá fi rán dírẹ́bà tó ń ná Obajana lọ́la. Ẹ gbá ìyókù.

Oga_Obajana

Má dààmú.

Oga_Obajana

Dírẹ́bà wo?

Awada_Ekinrin

😂😂😂

Oga_Obajana (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà)

Mo parí rẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, n kò tíì fẹ́ràn Abby. Ọmọkùnrin tí Abby ń dáàbò bò yẹn, Lev, ni mo fẹ́ràn, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń gbé Abby káàkiri. Ó sì yẹ kí ìtàn náà parí níbi oko. Ellie ti ní ilé, ó ní Dina olólùfẹ́ rẹ̀, ó ní ọmọ ọwọ́, ó ní àgùntàn. Ó tún di ẹrù, ó ní òun ń lọ wá Abby. Mo rí ara mi tí mò ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n pé, "Má lọ." Èmi! Èmi tí mo ta géèmù ní 9,000 torí wọn ò jẹ́ kí n gbẹ̀san! Ó lọ, Abby gé ìka méjì jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Abby sílẹ̀, ó padà wálé, ilé ti ṣófo. Gìtá tí Joel fi sílẹ̀ fún un, kò lè ta á dáadáa mọ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fi kọjá tán. Wọ́n pọ̀.

Ti Santa Barbara yẹn, níbi tó ti lọ bá Abby, olùyẹ̀wò tó bá fún un ní 10, kó wá bá mi ní Obajana. Àṣejù ni.

Padi_Kabba

Òdo yín ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ máa yọ ọ́?

Oga_Obajana

Mo gbìyànjú. Mo ti gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù.

Noosi_Isanlu

Ó wà níbẹ̀ títí láé nìyẹn.

Padi_Kabba

Ẹ̀gbọ́n, dírẹ́bà gbé páálí dé lálẹ́ àná, mo dúpẹ́. Díìsìkì méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún kíkó o sórí ẹ̀rọ, ọ̀kan fún gbígbá a. Ẹyọ kan ni mo rí. Èyí tí wọ́n fi ń gbá a kò sí níbẹ̀.

Oga_Obajana

Ó wà nínú ẹ̀rọ. Ìyàwó mi ló wà nídìí rẹ̀. Ó ti dé ilé ẹja, ó ń ju nǹkan fún ajá yẹn, n kò lè bá a sọ̀rọ̀ báyìí.